Ẹjọ́ Odò Àtẹ́ẹ̀rẹ́ àti Gbẹ́lẹ̀jẹ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá jókòó sọ́nà jíjìn, kó má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò gbọ́ dáadáa, nítorí èmi kì í sọ ìtàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìbọn mi máa ń ró, ẹran á sì ti ṣubú. Ẹ wo àpá tó wà léjìká mi yìí. Ẹkùn ló fà á ya, ẹkùn náà ló sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ògúnmọ́dẹdé ni, ọdẹ ìlú Òkè-Ìyeyè, ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo gbà pé ó mọ igbó tó mi. Ìwọ Láníhùn, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní ó mọ̀ ọ́n tó mi, n kò ní ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ògúnmọ́dẹdé kì í lè jókòó. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bí ẹ bá gbé àga fún un, ẹ̀gbẹ́ àga ni yóò dúró sí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á bu òkèlè kan, á lọ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, á tún padà wá bu òmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń mú un jókòó láyé yìí, ìyẹn ni Àsàbí, ìyàwó rẹ̀. Bí Àsàbí bá ti tẹ́ ẹní síta nírọ̀lẹ́, tó ní, "Baálé mi, ẹ wá jókòó tì mí," ọkùnrin tí ẹfọ̀n kò lè dá dúró á rọra ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò, á jókòó jẹ́ẹ́ bí àpò iyọ̀.

Àsàbí ti lóyún rí, oyún náà kò dúró. Ó tún lóyún, kò tún dúró. Àwọn ènìyàn ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó tún ti lóyún, ikùn ti yọ síta, inú ọkọ rẹ̀ sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà á. Ìgbà yẹn gan-an ni odò Àtẹ́ẹ̀rẹ́ bá yí àwọ̀ padà.

Àtẹ́ẹ̀rẹ́ ni odò tí gbogbo Òkè-Ìyeyè ń mu. Kò fẹ̀ rárá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàlagbà lè fò ó kọjá láìká ṣòkòtò sókè. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ tutù, ó sì dùn lọ́nà ọ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin lọ pọnmi, wọ́n bá a tó pọ́n bí ẹni pò osùn sí i. Nǹkan kan ń dán yinrin lórí rẹ̀ bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ tó tutù. Àwọn ẹja léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Ewúrẹ́ tó mu nínú rẹ̀ kò délé. Àwọn ọmọdé tó wẹ̀ nínú rẹ̀ ń họra títí ara wọn fi bó.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Àwọn kan ní kí wọ́n dúró de òjò, òjò yóò fọ odò mọ́. Àwọn kan ní kí ìlú ṣí kúrò. Wọ́n fọ̀rọ̀ lọ, wọ́n fọ̀rọ̀ bọ̀, ìpàdé tú ká bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ògúnmọ́dẹdé fi máa délé, Àsàbí ti di ẹrù rẹ̀.

"Baálé mi, n kò bá yín jà," ni Àsàbí wí. "Oyún yìí ni mo gbé sá. Kànga wà ní abúlé bàbá mi. Ọjọ́ tí omi Àtẹ́ẹ̀rẹ́ bá ṣeé mu, mo padà sílé. Bí kò bá ṣeé mu, ẹ má wulẹ̀ wá pè mí."

"Àsàbí, bí ìlú bá ṣí kúrò ńkọ́?"

"Níbo ni wọ́n ń ṣí lọ tí ẹni tó ba odò yìí jẹ́ kò ní bá wọn dé?"

Ó gbé ẹrù karí, ó kọrí sí abúlé Olóbì. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Ó ká ẹní tó wà níta, ó tún tẹ́ ẹ, kò rí ẹni jókòó sí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó ń bi ara rẹ̀ pé bí oyún yìí bá tún wálẹ̀ ńkọ́, pé bóyá ìwọ̀nba omi tí Àsàbí ti mu ti ṣe é léṣe. Nígbà tí àkùkọ máa kọ, ó ti di ìbọn bàbá rẹ̀ mú, ó ti gbé agbè omi tí wọ́n fà wá láti kànga abúlé Olóbì kọ́ èjìká. Ó lọ kí Baálẹ̀ lójú oorun.

"Baálẹ̀, òkè ni omi ti ń ṣàn wá. Mò ń lọ bi òkè léèrè."

Baálẹ̀ nu ojú. "Ògúnmọ́dẹdé, Igbó Àìwọ̀ ló wà lókè yẹn. Ẹni tó wọ ibẹ̀ kẹ́yìn, fìlà rẹ̀ nìkan ló padà bọ̀."

"Ẹ bá mi tọ́jú tèmi náà bó bá dé."

Bí ó ṣe lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi fìlà sílé. Ọdẹ tó bá gbọ́n kì í fi dúkìá rẹ̀ ṣòfò nínú igbó.

Igbó Àìwọ̀, ẹ̀yin ará, kì í ṣe igbó tí ẹ ń ṣẹ́ igi ìdáná. Nínú rẹ̀, igi ló máa ń wo ènìyàn bóyá ó tó gé. Kí Ògúnmọ́dẹdé tó rìn jìnnà, ó pàdé èrò lójú ọ̀nà: ẹja ni gbogbo wọn. Wọ́n ń fi lẹbẹ rìn nílẹ̀ gbígbẹ, olúkúlùkù gbé ẹrù karí. Àwọn akàn ń gbé àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń sunkún wọn kò sì dákẹ́. Àrọ̀ àgbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé ilẹ̀ ló ṣáájú, ó ń tẹ ọ̀pá.

"Ọdẹ, bó o bá wá pa wá, o ti pẹ́," ni Àrọ̀ wí. "Ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ rẹ tán."

"Mi ò wá pa yín, bàbá. Ta ló lé yín nílé?"

"Ilé wa ló lé wa. Ọmọ mi, jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún ọ, kó o máa rò ó lọ. Kí ló wà lórí òkè, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò rìn, tó sì ń pa ẹni tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀?"

Ògúnmọ́dẹdé ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Kò burú. Bó o bá rí i, ojú rẹ á mọ̀ ọ́n." Àrọ̀ bá gbé ọ̀pá, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sáà ń lọ ni.

Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Bí Ògúnmọ́dẹdé ṣe ṣẹ́rí sí kọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó gbé e lọ́rùn bí ẹni gbé ọmọ ológbò. Iwin kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nìkan gùn tó okùn tí wọ́n fi ń gun igi, ètè rẹ̀ sì ti bó bí èèpo ẹ̀pà. Odò Àtẹ́ẹ̀rẹ́ ni iwin yìí náà ti ń mu kó tó bàjẹ́, òùngbẹ ti wá sọ ọ́ di wèrè. Gbogbo ohun tó bá ní omi lára, fífún ló ń fún un sẹ́nu: ẹtu, ọ̀bọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Òógùn rẹ pọ̀," ni iwin wí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọdẹ níhàá. "Màá rí ìdajì agbè nínú rẹ."

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ǹ bá ti yìnbọn fún un nímú. Ṣùgbọ́n Ògúnmọ́dẹdé wo ètè tó bó yẹn, àánú iwin ṣe é. Ó rántí bí Àsàbí ṣe máa ń lá ètè rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ká má mu omi mọ́. Ó yọ agbè omi kànga ní èjìká rẹ̀, ó sì nà án sókè. Iwin dà á sọ́nà ọ̀fun, omi náà ń lọ, ó ń dún gbúlú gbúlú, ó pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ni iwin bá bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

"Ibo lò ń lọ?" ló bi í.

"Ibi tí omi yìí ti bàjẹ́ wá."

Iwin gbé e lé èjìká, ó fò láti orí òkè kan bọ́ sórí èkejì, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu bodè ìlú kan. Kò dúró kí wọ́n dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni Ògúnmọ́dẹdé kò ní omi kankan lọ́wọ́ mọ́, ọ̀fun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ òun náà.

Ìlú Gbẹ́lẹ̀jẹ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Gbogbo òkè tó yí i ká ni wọ́n ti gbẹ́ dé ìdí, wọ́n dà bí eyín tó ti jẹrà. Àwọn ẹbọra kéékèèké ń wọ inú ihò, wọ́n ń gbé erùpẹ̀ jáde, wọ́n ń fi omi kan tó ń rùn fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣa wúrà. Omi ìdọ̀tí náà ń lọ sínú adágún ńlá kan tó wà lórí òkè, tí wọ́n fi ògiri amọ̀ sé. Ògiri náà ti là. Láti ibi tó là, omi pupa ń kán sílẹ̀, ó ń ṣàn wọ igbó, ó ń wá odò Àtẹ́ẹ̀rẹ́ lọ. Ojú Ògúnmọ́dẹdé mọ àlọ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Olówó ìlú náà wá pàdé rẹ̀. Orúkọ kan náà ni òun àti ìlú rẹ̀ ń jẹ́, Gbẹ́lẹ̀jẹ. Ọkọ́ ni ìka ọwọ́ rẹ̀. Wúrà ni eyín rẹ̀. Wúrà tó fi há etí wúwo dé ibi pé etí náà ti gùn dé èjìká.

"Àlejò, ẹ káàbọ̀. Wúrà lẹ wá rà?"

"Omi ni mo wá bi yín. Adágún yín ló ń pa odò wa. Ẹ dí i."

Gbẹ́lẹ̀jẹ rẹ́rìn-ín. "Adágún wa kẹ̀? Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Bàbá mi sì ti kú. Wúrà ni mo jogún, mi ò jogún adágún. Ẹ lọ bá bàbá mi ní sàréè."

Inú bí Ògúnmọ́dẹdé, ó gbé ìbọn, ó yìn ín sí i níkùn. Gbẹ́lẹ̀jẹ ṣa ọta náà ní ìdodo, ó fi eyín gé e wò. "Òjé lásán," ló wí, ó sì jù ú nù. Lẹ́yìn náà ó bu wúrà kún àpò kan, ó sọ ọ́ síwájú ọdẹ. "Gba èyí. Kọ́lé síbòmíràn. Fẹ́ ìyàwó míràn tí kò mọ omi í yàn."

Èmi náà tí mò ń sọ ọ́, mo ti gbé àpò wúrà yẹn yẹ̀ wò lọ́kàn mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ògúnmọ́dẹdé náà wò ó. N kò ní purọ́ fún yín, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ tì í padà.

"Ṣé wúrà ni Àsàbí yóò mu?"

"Nígbà náà, lọ pẹjọ́ sọ́dọ̀ Ìyá Odò-Gbẹ. Kí wọ́n tó dá a, ọmọ inú ìyàwó rẹ á ti hu irùngbọ̀n."

Gbẹ́lẹ̀jẹ rò pé òun fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ ni. Kò mọ̀ pé ọdẹ tí wọ́n bá júwe ọ̀nà fún, wọ́n ti fún un ní ìdajì ẹran. Ògúnmọ́dẹdé gba ọ̀nà náà lọ. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́ náà, ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí kò ní ojú, tí kò ní imú, tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo, tó tóbi bí àtẹ, ló jẹ́ gbogbo orí rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Kí ló gbé ọ dé?"

"Wọ́n ba odò Òkè-Ìyeyè jẹ́."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ẹjọ́ tí kò kanni, a kì í gbé e wọ ibí. Ṣé ìwọ lo ni odò ni?"

"Gbogbo wa la ni ín."

"Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni kó wá. Ìwọ nìkan ni mo rí. Padà sílé."

Ògúnmọ́dẹdé dúró. Ó fẹ́ bínú, ó rí i pé ìbínú kò ní ṣílẹ̀kùn. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹní kan wà níta ilé mi, tí obìnrin kan máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Nítorí omi yẹn ni kò fi sí níbẹ̀ mọ́. Ó lóyún. Ṣáájú èyí, oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò tíì jókòó."

Etí ńlá náà mì díẹ̀. "Ó kàn ọ́," ló wí, ó sì yẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ìyá Odò-Gbẹ jókòó sí àárín odò kan tí kò ní omi. Yanrìn dé e lórúnkún. Àwọ̀ rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere.

"Odò mi rèé," ló sọ fún Ògúnmọ́dẹdé. "Wọ́n da ìdọ̀tí sí i títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó pẹjọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ odò ẹlòmíràn. Rojọ́."

Ó rojọ́. Nígbà tó parí, ìyá náà lu yanrìn lẹ́ẹ̀kan, Gbẹ́lẹ̀jẹ bá hù jáde nínú ilẹ̀, tìjàtìjà, pẹ̀lú etí gígùn rẹ̀. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni," ni ìyá náà wí. "Kí ni tìẹ?"

Gbẹ́lẹ̀jẹ kò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní agbẹjọ́rò. Ẹlẹ́nu-Méjì lorúkọ rẹ̀. Ẹnu kan wà níwájú, ìkejì wà ní ìpàkọ́. Bí ti iwájú bá fẹ́ mí, ti ẹ̀yìn á gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì ní ráyè fèsì.

"Ìyá Adájọ́, ẹni tó gbẹ́ adágún ti kú, òkú kì í jẹ́jọ́," ni ẹnu iwájú wí.

"Ẹni tó wà láàyè kò sì gbẹ́ ẹ," ni ẹnu ẹ̀yìn gbà á.

"Orí ilẹ̀ bàbá wa ni adágún náà wà, a lè ṣe ohun tó bá wù wá síbẹ̀."

"Òjò ló la ògiri. Ẹ pe òjò lẹ́jọ́."

"Oníbàárà mi kò dé Òkè-Ìyeyè rí. Orí ibùsùn rẹ̀ ló wà nígbà tí omi ń ṣàn."

"Àwọn tó sì ń gbé ìsàlẹ̀ odò, ta ló ní kí wọ́n gbébẹ̀?"

Àwọn ẹbọra tó wá wòran pàtẹ́wọ́ títí yanrìn fi ń fò. Ògúnmọ́dẹdé rò pé ó ti tán. Ó ń fẹsẹ̀ kan dúró, ó ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń ro Àsàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga bàbá rẹ̀.

Ìyá náà kò wo agbẹjọ́rò. Ìbọn ọwọ́ ọdẹ ló ń wò. "Ìbọn ta nìyẹn?"

"Ti bàbá mi ni, ìyá."

"Báwo lo ṣe rí i gbà?"

Ògúnmọ́dẹdé kò fẹ́ dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn ṣì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ bo ẹnu níwájú Ìyá Odò-Gbẹ. "Ìyá, àwọn ọdẹ ìlú wa ló fìyà jẹ mí. Ní Òkè-Ìyeyè, bí ọdẹ bá kú, ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn títí yóò fi wọ igbó lọ tú gbogbo tàkúté tí bàbá rẹ̀ dẹ sílẹ̀. Bàbá mi dẹ tàkúté jù. Mo tú, mo tú, títí ẹ̀gún fi jẹ ẹsẹ̀ mi tán. Mo rò pé mo ti tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ìbọn fún mi. Kò pẹ́, ọ̀kan tí n kò rí mú ìyá kan tó ń ṣẹ́gi lẹ́sẹ̀. Àwọn ọdẹ ní kí n tọ́jú ẹsẹ̀ náà, kí n sì máa ro oko rẹ̀ títí yóò fi rìn. Mo ní èmi kọ́ ni mo dẹ ẹ́! Mo ní ilé ni mo sùn sí! Olórí ọdẹ bi mí pé, 'Ìbọn ta lo gbé sọ́wọ́ yẹn?' Ìyá, mo ro oko obìnrin yẹn títí iṣu fi ta. Títí dòní, inú wọn ṣì ń bí mi..."

Ó wo ìbọn, ó wo wúrà tó wà létí Gbẹ́lẹ̀jẹ.

Ìyá náà yíjú sí Gbẹ́lẹ̀jẹ. "Ìwọ, wúrà ta lo fi há etí?"

Ẹnu iwájú agbẹjọ́rò là, kò rọ́rọ̀ sọ. Wọ́n ń dúró de ẹnu ẹ̀yìn, òun náà pa dé. Gbẹ́lẹ̀jẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ́, ó bá fúnra rẹ̀ fò dìde. "Ó dáa, ó dáa! Mo jọ̀wọ́ adágún náà. Láti òní lọ, kó máa jẹ́ ti igbó. Wúrà nìkan ni mo mú."

"Ẹni tó ti kó ẹran inú tàkúté jẹ," ni ìyá náà wí, "kò lè ní tàkúté kì í ṣe tòun. Bàbá rẹ dẹ ẹ́, ìwọ ń jẹ ẹran rẹ̀. Bóyá o mọ̀ pé ògiri yóò là, bóyá o kò mọ̀, ẹsẹ̀ tó kán ti kán. Òjò kì í gbẹ́ adágún. Ilẹ̀ bàbá rẹ sì ni o lè ṣe bó o ṣe fẹ́ sí, ìwọ̀nba ìgbà tí ohun tó o gbé síbẹ̀ bá dúró síbẹ̀."

"Èló ni kí n san?"

"Mi ò bi ọ́ lówó. Gbọ́ ìdájọ́. Ìwọ àti àwọn ènìyàn rẹ ni yóò gbẹ adágún náà, ẹ ó kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú ihò àpáta tí omi kì í là kọjá, ẹ ó sì tọ odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ilé rẹ kò ní sí lórí òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn Òkè-Ìyeyè, ni wàá máa gbé. Kànga tó o bá gbẹ́ yóò gbẹ. Omi Àtẹ́ẹ̀rẹ́ nìkan ni yóò máa gba ọ̀fun rẹ kọjá."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti parí?"

"Omi tí wọ́n fi ipá mú ènìyàn mu kì í ṣe ẹ̀rí. Ọjọ́ tí òùngbẹ bá gbé ọ débẹ̀, tó o bu ú mu láìwo ojú rẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn."

Ògúnmọ́dẹdé dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn, ó ń dúpẹ́, ó ti ń wo ọ̀nà ilé. Ìyá náà fi ọwọ́ kàn án lórí. "Má yọ̀ jù, ọmọ mi. Ìdájọ́ la ti rí, a ò tíì rí omi."

Òótọ́ ló sọ. Gbẹ́lẹ̀jẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú àwọn ẹbọra rẹ̀. Wọ́n fi ìka ọkọ́ wọn gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n rù ú, wọ́n ń kérora. Láràárọ̀, Gbẹ́lẹ̀jẹ á dúró létí odò, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á di imú, á gbé e mì, ikùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Bí Ògúnmọ́dẹdé bá ti rí i tó mu, eré ló máa sá lọ bá Àsàbí, tó ti ròyìn gbogbo ìdájọ́ náà fún, ní abúlé Olóbì.

"Àsàbí, ó ti mu ún!"

"Báwo ló ṣe mu ún?"

"Ó di imú."

"Ẹ máa lọ sílé, baálé mi."

Ó tún padà lọ. "Àsàbí, kò dimú mọ́!"

"Ṣé ó wo ojú omi kó tó mu ún?"

"Ó wò ó díẹ̀."

"Ẹ kú ìrìn. Ẹ máa lọ."

Abúlé Olóbì ni Àsàbí bí ọmọ rẹ̀ sí. Obìnrin ni, ó gbó keke, wọ́n sọ ọ́ ní Omíyalé. Bàbá rẹ̀ gbé e títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì dá nìkan padà sílé tí kò sí ohùn ọmọ. Ó lọ, ó bọ̀, koríko ọ̀nà abúlé náà kú tán. Àwọn ènìyàn Òkè-Ìyeyè ń rí i tó ń lọ sókè odò, tó ń lọ sísàlẹ̀ odò, wọ́n ní ẹjọ́ tó jàre yìí ni yóò pa á. Ẹ̀rù ń bà á pé ìyàwó òun lè má wá mọ́ láé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi.

Nígbà tó yá, Àsàbí wá fúnra rẹ̀. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú hánhán. Ó pọn Omíyalé, ẹrù rẹ̀ ìjọ́sí wà lórí rẹ̀, ó sì gba etí odò wá. Ògúnmọ́dẹdé rí i, ó sáré lọ bá a, ó fẹ́ gbé ẹrù náà sọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Àsàbí wí. "N kò tíì mọ̀ bóyá mo dé."

Wọ́n dúró sẹ́yìn igi ìyeyè kan, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ odò. Ó pẹ́. Ọrùn Àsàbí ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Omíyalé jí, ó ké díẹ̀, ó tún sùn. Ni Gbẹ́lẹ̀jẹ bá yọ láti inú igbó, ó gbé ẹrẹ̀ ọjọ́ náà lọ dà, ó ti ń padà bọ̀. Ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí wúrà létí rẹ̀ mọ́. Kò rí ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe dé etí odò, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ́, ó ti orí bọ omi, ó ń mu. Ó gbé orí sókè kó lè mí, ó tún ti orí bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì bu omi da sí àyà, ó jókòó sínú odò, ó sì mí kanlẹ̀.

Àsàbí wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Omíyalé," ló wí, "ẹ wá sọ̀ mí. Ọrùn ti ń ro mí."

Ibi tí mo bá wọn dé rèé. Ẹnu mi ti gbẹ, Láníhùn sì ti ń ṣẹ́jú sí mi pé mo ti bùmọ́ ọn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ nínú yín, kó dìde, kó lọ bu omi fún mi.